Oògùn apakòkòrò kò wo adénomyose

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú-ìwé ìlera yín ní kí obìnrin tí inú ń run gidigidi nígbà nǹkan oṣù, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ya lára rẹ̀, lọ lo oògùn apakòkòrò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lẹ́bàá ọ̀nà tẹ́lẹ̀ nìyẹn: kápúsù aláwọ̀ méjì, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ọjọ́ mẹ́ta, ó parí. Kò parí o.

Àìsàn méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n sì lè jọ máa gbé inú obìnrin kan. Adénomyose ni kí awọ inú ilé ọmọ wọnú ẹran iṣan ilé ọmọ. Bí nǹkan oṣù bá dé, òun náà á ṣẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò ní rọ́nà jáde; ilé ọmọ á wú, á tóbi. Endométrite tí kò lọ bọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, awọ yẹn fúnra rẹ̀ ló ń wú, kòkòrò ló sì sábà ń fà á. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Oyún tó ń bàjẹ́ ṣáá, tàbí èyí tí kò wá rárá, ló máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Ṣebí awọ náà ń bó dànù lóṣooṣù? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í bó. Ibẹ̀ ni wíwú endométrite ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì gbà pé adénomyose ti ń ta gbòǹgbò wọnú iṣan, pàápàá níbi tó ti ń gbọgbẹ́, tó ń jinná, tó tún ń gbọgbẹ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì.

Ẹkografí, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, lè fi adénomyose hàn bí ojú ẹni tó ń wò ó bá mú. Kò lè fìdí endométrite múlẹ̀. Àfi kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ nínú awọ náà lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá. Inú formol, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, ni kí wọ́n fi í sí. Èyí tí wọn yóò wá kòkòrò nínú rẹ̀, ìgò mímọ́ mìíràn ni, torí formol á ti pa kòkòrò kó tó dé ilé àyẹ̀wò. Ẹ̀yin dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ CD138, àyẹ̀wò àkànṣe tó ń fi plasmocyte hàn, sórí ìwé àyẹ̀wò náà. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, àwọ̀ ojoojúmọ́ ni wọn yóò fi kùn ún, plasmocyte, irú ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó jẹ́ ẹ̀rí àìsàn náà, á sì bọ́ mọ́ wọn lójú.

Bí endométrite bá jáde, apakòkòrò tó ń jẹ́ doxycycline, mílígíráàmù 100 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 14 ni dókítà sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Omi ife kan ni kí wọ́n fi gbé e mì, kí wọ́n má dùbúlẹ̀ fún ìdajì wákàtí, torí ó máa ń dá egbò sí ọ̀nà ọ̀fun. Ohun tó ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ jù nìyí: obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ sábà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, irin inú rẹ̀ á sì so mọ́ doxycycline, kò ní wọ ara. Kí wọ́n lo doxycycline ní wákàtí 2 ṣáájú irin, tàbí wákàtí 4 lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún gé ẹran wò.

Adénomyose ṣì wà níbẹ̀. Ibuprofen wà fún ìrora, acide tranexamique wà fún ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, stérilet olóògùn, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, sì wà fún ẹni tí kò tíì fẹ́ lóyún. Bí ọjọ́ 14 bá pé, tí inú ṣì ń run obìnrin lóṣù tó tẹ̀ lé e, kó má ra páálí apakòkòrò kejì. Kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó gé ẹran náà.

Àwa agbẹ̀bí kan,
Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)