Ẹ Yé Fi Àlùmọ́gàjí La Ṣòkòtò Ọmọ Ọlọ́mọ

Sí Olóòtú,

Inú ló ń bí mi tí mo fi gbé bírò. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, àwọn tíṣà fi àlùmọ́gàjí la ṣòkòtò ilé-ìwé ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa láti ẹnu dé orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì, lórí ìlà nílé-ìwé, lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó fún jù. Ṣòkòtò kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Títí di Ọjọ́rú ló fi jókòó sílé.

Èmi ni mo rán ṣòkòtò náà. Kò fún nígbà tí mo rán an. Ọmọ ló dàgbà. Ìyá rẹ̀ tó ń ta ata kò tíì san owó iṣẹ́ mi tán.

Mi ò sọ pé kí àwọn ọmọ máa wọ ìwọ̀kuwọ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Nígbà tiwa, wọ́n á ní ká kúnlẹ̀, ẹnu síkẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ kan ń yọ́ gbé aṣọ lọ fún aránṣọ pé kó bá wọn fún un mọ́ ẹsẹ̀. Àwa tá à ń gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n owó òbí ni àlùmọ́gàjí yẹn ń gé!

Iléṣà la wà, ìlú òṣómàáló. Aṣọ làwọn bàbá wa ń tà láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi pé. Ọmọ irú ìlú yìí ni yóò máa la aṣọ tó ṣì dára?

Àwọn tó ń ṣòfin nínú ọ́fíìsì kò bi wá léèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá aṣọ kan lọ́jà Atákúmọ̀sà. Lọ́dún 2020 tí ìjọba Gómìnà Oyetola ní Ọ̀ṣun ní kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan padà sí aṣọ rẹ̀ àtijọ́, lẹ́yìn aṣọ kan náà tí ìjọba Aregbesola fi wọ gbogbo wọn, ṣebí òbí ló tún sáré ra aṣọ.

“Aṣọ kò gbọdọ̀ fún” ni wọ́n ń wí. Ínṣì mélòó ni fífún? Kí ilé-ìwé kọ ìwọ̀n sínú ìwé, kí wọ́n fún òbí lọ́jọ́ tí ọmọ bá wọlé, kí òbí mú un wá fún aránṣọ. Kí ẹnu síkẹ́ẹ̀tì fi ínṣì méjì kọjá orúnkún. Kí wọ́n sọ iye tí ẹnu ṣòkòtò gbọ́dọ̀ jẹ́, kíláàsì sí kíláàsì. Kí ìṣẹ́tí tá a ṣẹ́ sínú jẹ́ ínṣì mẹ́ta, kí àyè ínṣì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ga tàbí tó sanra, a ó kàn tú u sílẹ̀ ni, kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Aránṣọ tó bá rán an lódì sí ìwé, kó tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ tó bá ṣẹ̀, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó lọ tún un ṣe. Kí àwọn tíṣà náà máa múra dáadáa.

Ẹ fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀ fún àwa tó ni ín. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ kọ ìwé ìwọ̀n yìí ní Iléṣà, mo ṣe tán láti bá wọn wọ̀n ọ́n, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ,
Iléṣà