Lẹ́tà sí Fọlákẹ́ lórí kránbẹ́rì agolo àti èyí tí a sè nílé

Worcester, Massachusetts
Oṣù Kọkànlá

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀rín sì pa mí. O ní kí ni nǹkan pupa tó yọ̀ jáde nínú agolo sórí àwo, tí ìlà ara agolo ṣì wà lára rẹ̀ yíká, ṣé oúnjẹ ni àbí ọṣẹ. Oúnjẹ ni o! Kránbẹ́rì ni, òun ni wọ́n fi ń jẹ tòlótòló lọ́jọ́ Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà níbí, ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù yìí. Níwọ̀n bí o ti ní o fẹ́ ra agolo kan de Kérésì, jẹ́ kí n sọ tẹnu mi kí o tó náwó.

Èso róbótó kékeré ni, ó pọ́n fòò, ó sì kan débi pé ẹni tó bá fi í sẹ́nu lásán, ojú rẹ̀ á fún pọ̀. Ilẹ̀ ibí gan-an ló ti ṣẹ̀. Àwọn Wampanoag tó ni ilẹ̀ yìí ti ń jẹ ẹ́ kí òyìnbó tó dé. Oko rẹ̀ pọ̀ ní Carver àti Cape Cod nínú ìpínlẹ̀ wa níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Wisconsin ló ń kórè jù báyìí. Tí ìkórè bá dé, wọ́n á da omi bo oko náà pátá. Ihò afẹ́fẹ́ mẹ́rin ló wà nínú èso kọ̀ọ̀kan, nítorí náà gbogbo rẹ̀ á léfòó, pupa lọ súà. Ìyẹn ló ń lọ sínú agolo. Èyí tí wọ́n kó lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń tà ní tútù nínú ọ̀rá.

Lọ́yà kan tó lọ ra oko kránbẹ́rì, Marcus Urann, ló bẹ̀rẹ̀ sí í dì í sínú agolo ní 1912. Ọgbọ́n rẹ̀ wù mí: ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìkórè ń gbà, èyí tó bá sì fara pa kò ṣe é tà ní tútù, àmọ́ tí a bá ti sè é, ta ni yóò mọ̀? Ní 1941 ni èyí tó ń dúró gbọn-in yìí délé dóko ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fi dàgbà kò ní gbà pé oúnjẹ pé láìsí i. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lè torí ẹ̀ jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọkọ mi náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn, ti agolo ló ń jẹ, mi ò bá a jà.

Lójú tèmi ṣá, adùn lásán ló kù nínú ti agolo. Wọ́n ti da omi ṣúgà àgbàdo pa kíkan rẹ̀, kíkan yẹn gan-an sì ni ẹran tòlótòló ń wá, torí ẹran náà gbẹ, ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà sí i sì kún fún ọ̀rá. Kò tún sí wàhálà nínú sísè rẹ̀ nílé: ọ̀rá kan, 340 gíráàmù, ife ṣúgà kan, ife omi kan, kó hó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wàá máa gbọ́ bí èso ṣe ń bẹ́ nínú ìkòkò. Ó lè dà bí omi lórí iná, má wulẹ̀ fi ṣúgà kún un. Pectin inú èso yóò mú un dì bí ẹ̀kọ tó bá tutù. Mo máa ń ha èèpo ọsàn sí i, mo ń fi atalẹ̀ sí i, àti ata gígún díẹ̀ tí mi kì í sọ fún àlejò.

Ní tìrẹ, fi agolo sílẹ̀ fún wọn. Ìṣápá pupa tí ẹ fi ń ṣe zobo tó o. Nígbà kan ní Florida, òun ni wọ́n ń lò dípò èso yìí, kránbẹ́rì Florida ni wọ́n tiẹ̀ ń pè é. Ó kan, ó pọ́n, ó sì ní pectin tirẹ̀. Tí o bá rí tútù, yọ kóró kúrò, fi omi díẹ̀ sè é títí á fi rọ̀, kí o tó da ṣúgà sí i. Tí ó bá jẹ́ gbígbẹ ni, rẹ ẹ́ sómi, ṣan iyanrìn rẹ̀ dáadáa (o mọ ti ọjà wa), kí o sì gé ápù kan sí i kó lè dì. Èmi náà ń rà á lọ́wọ́ àwọn ará Jàmáíkà níbí, àwọn náà ń fi ṣe ohun mímu Kérésì.

Kọ́kọ́ sè é níwọ̀nba, kí o fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé màá pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú. Tí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ lọ́nà ibí, má gbàgbé ata mi, èyí tó wà nílé ti ń tán lọ.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ́lá