Kí Ọwọ́ Òsì Má Mọ̀

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

“Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwọ bá ń ṣe ìtọrẹ àánú rẹ, má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ òsì rẹ kí ó mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ ń ṣe” (Mátíù 6:3).

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ti rí àwòrán tí a yà pẹ̀lú àwọn aláìní níbi ìpínfúnni ìjọ wa, tó ń lọ láti fóònù dé fóònù, ni ẹsẹ yìí ò ti jẹ́ kí n sùn dáadáa. Báwo ni ọwọ́ òsì ò ṣe ní í mọ̀? Ara kan náà kọ́ ni wọ́n ni? Òsì ló ń wẹ ọ̀tún. Ká ní Jésù sọ pé kí aládùúgbò má mọ̀ ni, ì bá rọrùn. Ẹni tó sún mọ́ wa jù lọ ló ní kò gbọdọ̀ mọ̀. Mo rò ó títí, ohun tó yé mi ni pé ọwọ́ òsì yẹn ń bẹ nínú mi: òun ni apá ibi tó ń retí “ẹ kú iṣẹ́” nínú ọkàn mi. Apá yẹn ni kí n má sọ fún.

Ní òru Ọjọ́rú tí oorun kọ̀, èmi àti ìyá ìjọ wo fíìmù One Life. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni. Nicholas Winton, ọmọ ọdún 29 tó ń ṣiṣẹ́ ìpín-ìdókòwò ní Lọ́ńdọ́nù, pa ìsinmi rẹ̀ tì ní oṣù Kejìlá 1938, ó lọ sí Prague, olú ìlú Czechoslovakia, níbi tí àwọn tó sá fún Hitler ti ń jìyà nínú òtútù. Nígbà tó padà sílé, òun àti ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé àṣẹ láti kó àwọn ọmọ ibẹ̀ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń wá ilé tí yóò gba ọmọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú 50 pọ́n-ùn tí ìjọba ní kí wọ́n fi dúró fún ọmọ kan. Doreen Warriner àti Trevor Chadwick, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà, ń sa gbogbo ipá wọn ní Prague. Ọmọ 669 ló yè, Júù ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ ojú irin ìkẹyìn, tó yẹ kó kó ọmọ bí 250 ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1939, kò gbéra. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Jámánì ya wọ Póláǹdì.

Fíìmù náà ò pariwo rárá. Anthony Hopkins, tó ṣe Winton lágbà, kàn ń palẹ̀ ìwé àtijọ́ mọ́ nínú ilé ni, àmọ́ o máa rí i lójú rẹ̀ pé àwọn tí kò rí gbà là ló ń rò. Ìwé tí wọ́n lẹ àwòrán àti lẹ́tà mọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tó ń lọ sí 50 ọdún, kí BBC tó gbé e jáde ní 1988. Ó jókòó láàárín èrò níbi ètò BBC náà, wọ́n ní obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Ó ti ìka bọ abẹ́ jígí ojú rẹ̀, ó nu omijé.

Ẹnì kan á ní, “Pásítọ̀, Winton náà lo àwòrán.” Òótọ́ ni. Ó tẹ àwòrán àwọn ọmọ sórí káàdì, ó fi han àwọn tó lè gbà wọ́n sílé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: Winton ò sí nínú àwòrán yẹn. Ilé ni àwòrán náà wá fún ọmọ. Àwòrán ìpínfúnni tiwa ńkọ́? Kí ló wá fún ẹni tó wà nínú rẹ̀? Ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ta ló dorí kodò? Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù, fèrè wo ló tún dún ju ìyẹn lọ? Àwọn ọmọ máa ń rí fóònù ọ̀rẹ́ wọn. Ẹni tébi ń pa mọ ìtìjú bíi tiyín. Jésù ti sọ ọ́ ní ẹsẹ kejì nípa àwọn tó ń fun fèrè bí wọ́n bá ń tọrẹ àánú: wọ́n ti gba èrè wọn ná. Mi ò yọ ara mi sílẹ̀. Mo ti dúró sáàárín irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rí, mo sì rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, mo mọ ọkàn yín. Ẹnì kan wà nínú ìjọ yìí tó ti ń san owó ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mẹ́ta, bàbá ọmọ náà ò sì tíì mọ̀. Èmi náà ò ní sọ. Ẹni tí ojú sì ń tì láti padà wá sáàárín wa, àyè yín ṣì wà níbẹ̀. Màá yà nílé yín, èmi nìkan, mi ò ní mú ẹnikẹ́ni dání.

Ìkéde, torí àyè ti fẹ́ tán: Ẹ̀kọ́ Bíbélì bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí nìkan. Ẹgbẹ́ akọrin, ẹ dúró lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ọ̀dọ́ ló kàn láti tún ilé ìjọsìn ṣe. Ìgbìmọ̀ ìtọ́jú aláìní, ẹ pa àwọn àwòrán yẹn rẹ́ nínú fóònù yín kó tó di Sátidé. Ní ìpínfúnni tó ń bọ̀, ẹ fi fóònù sílẹ̀ nílé.