Ẹ̀yin Ọmọ Wa Ní Bow River, Wọ́n Ti Kà Yín Mọ́ Wa

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí gbogbo yín níbí ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Brooks, ní Strathmore, ní Taber, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lóko láàárín pòtétò àti màlúù. Ẹ kú iṣẹ́ òru, ẹ kú ìfaradà òtútù. Olúwa kò ní jẹ́ kí ọ̀bẹ ilé iṣẹ́ ẹran ṣe yín ní jàǹbá.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni gbólóhùn kan tí mò ń gbọ́ lẹ́nu yín ṣáá: “Bàbá, owó la wá ṣe níbí o, ọ̀rọ̀ ìbò wọn kò kàn wá.” Ó kàn yín. Ó ti kàn yín kí ẹ tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àgbègbè ìdìbò Bow River tí a wà yìí ṣe dé. Ní 2011, Kánádà ṣe òfin tó fi ìjókòó kún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Ottawa, láti 308 di 338. Alberta gba mẹ́fà níbẹ̀, láti 28 di 34, nítorí pé èrò ń wọ́ wá síhìn-ín. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kalẹ̀, adájọ́ ni alága rẹ̀. Wọ́n pín iye èèyàn Alberta sí ọ̀nà 34, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún 107 èèyàn fún ìjókòó kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé lára àgbègbè ìdìbò Crowfoot àti Medicine Hat, wọ́n fi díẹ̀ kún un láti ibòmíràn, ó di Bow River: láti Chestermere lẹ́bàá Calgary títí dé Brooks àti Taber, oko lọ súà láàárín wọn. A kọ́kọ́ dìbò níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2015, Martin Shields ló sì wọlé.

Ẹ wá wo ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí. Nígbà tí wọ́n ń ka èèyàn, wọn kò ka olùdìbò nìkan. Wọ́n ka ẹni tó ní káàdì PR, ìyẹn ìwé ìgbé títí láé, wọ́n ka ẹni tó wá pẹ̀lú ìwé àṣẹ iṣẹ́, wọ́n ka ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti dé nígbà yẹn ló wà nínú ìṣirò tó bí ìjókòó yẹn, ẹ̀yin tí ẹ dé lẹ́yìn náà kí ìkànìyàn 2021 tó wáyé sì ti wọnú rẹ̀, tí Alberta fi di 37 nínú 343. Ẹni tí wọ́n ti kà mọ́ ilé kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn kan kò rí ẹ̀tọ́ ìdìbò gbà bọ̀rọ̀. Àwọn Siksika, ọmọ onílẹ̀ tí ilẹ̀ wọn wà láàárín wa níbí, tí àwọn baba ńlá wọn fọwọ́ sí àdéhùn Treaty 7 pẹ̀lú ìjọba ní 1877, ọdún 1960 ni òfin tó gbà kí wọ́n dìbò ìjọba àpapọ̀ láìpàdánù ipò wọn lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílẹ̀. Ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira gan-an nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ àwọn ló ni ilẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ náà ti fi hàn pé ará oko lè sọ̀rọ̀ kí Ottawa gbọ́. Bow River kan ti wà rí kí wọ́n tó pa á rẹ́ ní 1968. Ní 1921, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n rán E. J. Garland lọ sí Ottawa pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ẹgbẹ́ tiwọn, United Farmers of Alberta, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1935.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: a ti mọ ẹgbẹ́ tó máa wọlé níbí kó tó di ọjọ́ ìbò. Òótọ́ ni, láti 2015 ẹgbẹ́ Conservative nìkan ló ń gba ìjókòó yìí. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má dúró de ọjọ́ ìbò. Níbi tí ẹgbẹ́ kan ti lágbára báyìí, ibi tí wọ́n ti ń yan olùdíje ni iṣẹ́ wà. Ẹgbẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ gba ọmọ ọdún 14 sókè, ó gba ẹni tó ní káàdì PR, ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè dìbò nígbà tí wọ́n bá ṣe ìdíje nílé. N kò sọ ẹgbẹ́ tí ẹ máa ṣe o, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti di ọmọ onílùú, ẹ yẹ láìsẹ́ǹsì ọkọ̀ yín wò. Ní oṣù kẹrin 2025, ọmọkùnrin kan dé ibùdó ìdìbò ní Brooks pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó na láìsẹ́ǹsì sí òṣìṣẹ́, àdírẹ́sì Calgary ló wà lára rẹ̀. Ó ti ń gbé Brooks tipẹ́, kò kàn pààrọ̀ rẹ̀ ni. Aládùúgbò rẹ̀ tó ń dìbò ní ibùdó kan náà ló jẹ́rìí fún un, wọ́n sì fún un ní bébà. Òfin gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo lèèyàn lè jẹ́rìí fún. Ẹ pààrọ̀ àdírẹ́sì yín.

Ẹ má sì rò pé ìgbà ìbò nìkan la ń wá aṣojú-ṣòfin. Ọ́fíìsì rẹ̀ lágbègbè máa ń bá èèyàn tọpa fáìlì tó há sílé iṣẹ́ ìwọ̀lú: ìwé ìyàwó tó wà ní Ìbàdàn, káàdì PR tó pẹ́. Ẹ kò ní láti jẹ́ olùdìbò kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Ibi tí ẹ ń gbé ni wọ́n máa béèrè.

Lẹ́yìn ìkànìyàn 2031, wọ́n á tún ààlà yìí fà. Ìgbìmọ̀ máa ń jókòó ní gbangba, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ ọ́: ṣé kí Brooks wà pẹ̀lú oko, ṣé kí wọ́n so ó mọ́ ìlú ńlá. Mo fẹ́ rí yín lórí àga níbẹ̀. Ní báyìí, ẹni tí fọ́ọ̀mù bá sú, kó gbé e tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, a ó jọ kà á.

Èmi ni, bàbá yín ní Brooks.