Ràmá, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gún Tanímọ̀la

Ràmá ọ̀rẹ́ mi,

Libreville ńkọ́? Ọkọ ẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa ní Àjàṣẹ́ wà, Àlájà ní kí n kí ẹ gan-an. Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, èyí tó o sọ nígbẹ̀yìn pé kí n jẹ́ kí dókítà ẹranko gún Tanímọ̀la ajá mi lábẹ́rẹ́ ikú torí àìsàn tó ń mú un, kó máa lọ kó lè sinmi, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé, torí tí mo bá ní kí n fi ohùn sọ ọ́ ẹkún ni màá máa sun. Mi ò ní ṣe é. Ìwọ lo gbé e fún mi nínú apẹ̀rẹ̀ tòmátì lọ́jọ́ tó o ń lọ, torí náà ó yẹ kó o mọ bó ṣe jẹ́.

Ó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta kí àìsàn yìí tó kọ́kọ́ mú un. Alẹ́ ni, mo ń gé àlùbọ́sà, ó kàn ń tẹ̀ lé mi kiri ṣáá, ó ń wojú mi, mi ò mọ ohun tó ń wá. Ká tó wí ká tó fọ̀ ó ti ṣubú lulẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń já fàà bíi pé ó ń sáré, eyín ń gbá ara wọn, itọ́ ń hó lẹ́nu ẹ̀, ó tọ̀ sára. Mo rò pé ó ti jẹ májèlé eku ni. Bóyá ìṣẹ́jú méjì péré ni o, àmọ́ ó gùn lójú mi ju òru ọjọ́ náà lọ. Nígbà tó dìde kò mọ̀ mí Ràmá, ó ń forí gbá ògiri bí afọ́jú, ó tó ìdajì wákàtí kó tó wá gbórí lé ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, àdúgbò ti gbọ́ pé ajá mi ti ya dìgbòlugi, àwọn ọmọkùnrin kan ti mú igi. Mi ò bá wọn jà, torí dìgbòlugi ń pa èèyàn lóòótọ́. Ìwé abẹ́rẹ́ ẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Dókítà ẹranko ní abẹ́rẹ́ ẹ̀ pé, kò sì gé ẹnikẹ́ni jẹ, àmọ́ ká ṣì so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá ká máa wò ó, torí ajá tí àrùn yẹn bá ti hàn lára ẹ̀ kì í sábà jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kú. Ọjọ́ mẹ́wàá pé, ó ń jẹun, ó ń jùrù. Wárápá ni. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń mú ajá! Dókítà ní ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ajá bá wà láàárín ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọmọ ọdún mẹ́fà, tí wọ́n bá sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí wọn ò rí nǹkan kan, ó lè jẹ́ pé inú ìran ló ti wá.

Ẹnì kan gbé àgbo ìtọ̀ màlúù wá, mo dà á nù, nǹkan yẹn ti pa ọmọ èèyàn. Ẹlòmíì ní ká kúkú fún Ògún. Èyí tó dùn mí jù ni ti Àlájà, ó ní itọ́ ajá tó ń hó yẹn á ran gbogbo ilé. Wárápá kì í ràn, Ràmá, irọ́ ni wọ́n pa fún wa. Ṣé o rántí ọmọbìnrin tí wárápá ń mú, tó ń jókòó níwájú ní CM1 nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tá ò jẹ́ bá mu omi nínú ife kan, títí tó fi kúrò níléèwé? Mò ń rántí ẹ̀ báyìí, ojú ń tì mí.

Gardénal, oògùn wárápá, ni dókítà kọ fún un. Wọn kì í tà á ní fámásì láìsí ìwé dókítà, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á fún ẹ lórí àtẹ. Tanímọ̀la wọn kílò 18, ó ń lo mílígíráàmù 50 láàárọ̀ ago méje, 50 lálẹ́ ago méje, inú ẹja yíyan ni mo máa ń fi sí. Oògùn náà máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fìdí múlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ní gbogbo ìgbà yẹn ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni mu ṣódàbì, ó ń mu omi ṣáá, ó ń tọ̀ ṣáá, ebi ń pa á débi pé ó jẹ àkàsà Àlájà tewé tewé. Tita gọ́ọ́gọ́ọ́ ti lọ, ebi ò lọ. A máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà torí ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀bi kan wà tó jẹ́ tèmi. Mo lọ síbi òkú ní Kétu, mo ní ọjọ́ kan ni, ó di mẹ́ta, mi ò sì kọ́ ẹnikẹ́ni nílé bí wọ́n ṣe ń fún un lóògùn. Òru tí mo dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló mú un kílẹ̀ tó mọ́, èyí tó kẹ́yìn ò fẹ́ dáwọ́ dúró, ó ti lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, a gbé e lé ọ̀kadà zẹ́mì lọ bá dókítà, ara ẹ̀ gbóná bí ìkòkò, ó fún un ní oògùn ojú ìdí kó tó rọlẹ̀. Ó ní téèyàn bá já oògùn yẹn lójijì, àìsàn náà máa ń padà wá pẹ̀lú agbára ni. Látìgbà yẹn aago fóònù mi ń dún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, Àlájà fúnra ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n fún un, Àlájà o!

Tó bá mú un báyìí, mo ń wo aago, mo ń ti àga kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, mo ń pa iná, mi ò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kì í gbé ahọ́n mì, ọwọ́ èèyàn ló máa gé. Mo ń kọ ọjọ́ ẹ̀ sínú ìwé: tẹ́lẹ̀ ó ń tó ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù, báyìí ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì. Dókítà ò ṣèlérí pé á lọ tán. Àmọ́ láàárín ìgbà yẹn ajá ni, ó ń lé ewúrẹ́, ó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà mi, mi ò rí ohun tí màá tìtorí ẹ̀ pa á.

Ohun kan ni mo fẹ́ kó o bá mi ṣe. Bi bùrọ̀dá ẹ ní Pobè bóyá ìkankan nínú àwọn ọmọ ìyá Tanímọ̀la tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ ti ṣubú bẹ́ẹ̀ rí, pàápàá akọ dúdú tó máa ń gbé fún àwọn ará ibẹ̀ kó gun abo wọn. Tó bá ti ṣubú rí, kó má jẹ́ kó gun abo kankan mọ́. Nọ́ńbà tó o fún mi ò wọlé, fi tuntun ránṣẹ́.

Èmi ni,
Ṣíkírá