Ọmọ gbogbo ilé kọ́ ló ń dọ̀bálẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn olùkọ́ wa létí. Lápá Ẹ̀bútè Mẹ́ta wa níbí, ọmọ Íbò, ọmọ Haúsá àti ọmọ Ègùn láti Màkókò ló ń bá ọmọ Yorùbá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àmọ́ ojú ilé tiwọn nìkan ni àwọn tíṣà kan fi ń wo gbogbo wọn.

Ọmọ Íbò kan dúró ṣánṣán, ó kí tíṣà rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Tíṣà náà fojú wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹ̀kọ́ ilé wo? Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ló ṣe kí i! Tí ẹ bá fẹ́ kó dọ̀bálẹ̀, ẹ fi sùúrù kọ́ ọ.

Mo fara mọ́ òfin ọdún 2018 tó ní kí gbogbo ilé-ìwé Èkó máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá, tọkàntọkàn ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Ègùn tí Yorùbá ò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu kì í ṣe olódo. Ẹ ní kó sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń dẹ àwọ̀n fún kíláàsì, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀.

Ti híjáábù, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti parí ìyẹn lóṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n ní ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lò ó nílé-ìwé ìjọba Èkó. Kí ló tún kù tí ẹ fi ń lé ọmọ sílé?

Kí ìjọba fi ọ̀rọ̀ yìí kún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́, kí wọ́n sì pe àwa òbí wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òbí kan, Ẹ̀bútè Mẹ́ta