Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀, ta ni yóò kọ orúkọ wọn sílẹ̀?

Sí Olóòtú,

Mo ka ìròyìn yín lórí àwọn tí kò ní orílẹ̀-èdè kankan lábẹ́ òfin. Ẹ sọ ti àwọn Rohingya, tí òfin ọdún 1982 ní Myanmar gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ wọn. Ó dára, àmọ́ ẹ ò bá kọ́kọ́ yà sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

Ìlú arìnrìn-àjò ni ìlú wa. Kí òmìnira tó dé ni àwọn bàbá wa ti ń tajà ní Tamale àti Kumasi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí wọ́n wá ìwé tàbí kí wọ́n di ẹrù wọn. Nínú àwọn tó wálé nígbà náà, a rí ẹni tí kò tíì fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí láyé rẹ̀. (Ká má purọ́, àwa náà lé àwọn ará Gánà lọ́dún 1983.)

Títí dòní ni àwọn èèyàn wa ṣì ń bímọ sí Côte d'Ivoire. Bí wọ́n tilẹ̀ bí ọmọ àjèjì síbẹ̀, òfin ibẹ̀ kò tìtorí ìyẹn kà á sí ọmọ onílùú. Abala 25 nínú ìwé òfin tiwa ti 1999 ní tí bàbá tàbí ìyá bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ibi yòówù kí wọ́n bí ọmọ náà sí, ọmọ Nàìjíríà ni. Ta ni yóò wá jẹ́rìí rẹ̀ bí bàbá bá ti kú, tí ìyá ò sì ní ìwé kankan?

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa tó gbọ́ Faransé àti Yorùbá dáadáa. Nígbà tó lọ gba NIN, wọ́n ní kó lọ mú ìwé ẹ̀rí ìbí wá láti ibi tí wọ́n bí i sí. Ìwé wo? Ilé agbẹ̀bí ni wọ́n bí i sí. Láìsí NIN, kò lè forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, kò lè ra síìmù lórúkọ ara rẹ̀. Àwọn amòfin á ní ó ní orílẹ̀-èdè, ìwé ni kò ní. Kí wọ́n lọ sọ ìyẹn fún un nígbà tí báńkì bá dá a padà.

Ti ọmọ tí wọ́n gbé jù sílẹ̀, tí a ò mọ bàbá rẹ̀ tí a ò mọ ìyá rẹ̀, tún burú jù. Ìwé òfin wa kò tilẹ̀ sọ ohunkóhun nípa irú wọn, bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé méjèèjì lórí àwọn tí kò ní orílẹ̀-èdè láti 2011.

Ẹ bá mi bi àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ márààrún tó wà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́: ṣé wọn ò lè bá ààfin Ṣọ̀ún àti àjọ tó ń ka èèyàn jókòó? Baálé agbo ilé kọ̀ọ̀kan mọ ọmọ ẹni tó lọ sí Abidjan. Kí baálé wá búra nílé ẹjọ́, kí ìjọba ìbílẹ̀ san owó ìwé ìbúra náà, kí wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́